Kí Iná Tó Lọ

Kò sẹ́ni tó ń kí súwíìṣì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kú iṣẹ́. Inú kọ́bọ́ọ̀dù irin ló ń gbé, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì pa látàárọ̀ dalẹ́, wáyà kún iwájú rẹ̀ bámúbámú, iná wẹ́wẹ́ ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Bí akọ̀wé báńkì bá ń sanwó fún oníbàárà, bí nọ́ọ̀sì bá ń wo èsì àyẹ̀wò lórí kọ̀ǹpútà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, inú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Púpọ̀ nínú àwọn tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ni kò fọkàn sí i pé kọ̀ǹpútà ni òun náà: ó ní ọpọlọ, ó ní mẹ́mórì, ó sì ní àká tó ń kó fáìlì sí. Ohun tó wà nínú àká yẹn, àti ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí, ló ń sọ bóyá ilé iṣẹ́ máa ṣiṣẹ́ lọ́la.

Ẹ jẹ́ ká wo Catalyst 2960 tí ilé iṣẹ́ Cisco ṣe, tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ káàkiri ayé bó tilẹ̀ jẹ́ pé Cisco kò tà á mọ́. Àká rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní fláàṣì, kò ju mẹ́gábáìtì 32 lọ lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ẹnjiníà bá so kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ mọ́ ọn, tó sì tẹ àṣẹ dir flash:, ohun tó máa rí kò pọ̀ rárá. Fáìlì ńlá kan wà níbẹ̀ tí .bin gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀: ìyẹn ni IOS, sọ́fíwíà tó sọ irin náà di súwíìṣì. Config.text wà níbẹ̀, private-config.text wà níbẹ̀, vlan.dat náà wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn, fódà kan tún máa ń wà fún ojú ìwé tí wọ́n fi ń ṣàkóso rẹ̀ láti orí bíráúsà. Ó tán. Fáìlì tí kò tó mẹ́wàá ló gbé odindi ilé iṣẹ́ dání.

Bó bá tún tẹ show file systems, á rí orúkọ mìíràn tó ju fláàṣì lọ. Nvram: ni wọ́n ní startup-config ń gbé, àmọ́ lára irú súwíìṣì yìí, ara fláàṣì kan náà ni wọ́n ti gé e, fáìlì config.text yẹn gan-an sì ni. System: kì í ṣe ibi ìpamọ́ rárá, inú RAM ló wà, mẹ́mórì tó ń ṣófo bí iná bá lọ. Tftp:, ftp: àti scp: jẹ́ ọ̀nà tó jáde lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíràn. Lójú àṣẹ copy, gbogbo wọn dọ́gba: ó lè kó fáìlì láti èyíkéyìí lọ sí èyíkéyìí. Wọn ò dọ́gba lójú iná.

Fáìlì méjì ló yẹ kéèyàn mọ̀ yàtọ̀ síra. Running-config ni ètò tí súwíìṣì ń tẹ̀ lé lọ́wọ́: pọ́ọ̀tù wo ló jẹ́ ti ẹ̀ka ìṣúná, èwo ló jẹ́ ti kámẹ́rà, ta ló lè wọlé láti ọ̀nà jíjìn, ọ̀rọ̀ aṣínà wo ni yóò fi wọlé. Inú RAM ló wà. Startup-config ni ètò tí yóò kà nígbà tó bá ń jí, inú àká lòun wà. Ẹnjiníà lè yí èkíní padà nírọ̀lẹ́, kí gbogbo nǹkan máa lọ geerege, kí ọ̀gá gbóṣùbà fún un, kí èkejì má sì gbọ́ ohun kan nípa rẹ̀. Àfi tó bá tẹ copy running-config startup-config, tàbí àgékúrú rẹ̀ tó ti mọ́ àwọn àgbà ẹnjiníà lọ́wọ́, wr, iṣẹ́ náà kò tíì sí lára ohun tí ẹ̀rọ máa rántí.

Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe lọ́tọ̀, ohun tó máa rántí lọ́tọ̀. Àlàfo àárín méjèèjì ni ọ̀pọ̀ wàhálà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń jáde, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀nà àbáyọ ti máa ń ṣí.

Ní Nàìjíríà, iná mànàmáná ló ń yẹ àlàfo yìí wò. Léraléra ni gbogbo iná orílẹ̀-èdè dákú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún 2024. Ká tilẹ̀ yọ ìyẹn kúrò, kò sí ìgbà tí iná kì í lọ. Bí iná bá lọ ní Ìbàdàn, tí bátìrì UPS ti gbó, tí jẹnẹrétọ̀ kò tètè gbà, RAM á ṣófo wàràwàrà. Nígbà tí iná bá dé, súwíìṣì á jí, á ka startup-config, á sì padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí ẹnìkan fi ètò pamọ́ kẹ́yìn, ìbáà jẹ́ oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ̀ka ìṣúná á pè pé àwọn ò rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́. Kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà á dákẹ́. Wọ́n á ní iná ló ba ẹ̀rọ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kò bàjẹ́ rárá: ohun tí wọ́n kọ fún un ló ṣe.

Bí ẹnjiníà bá tẹ reload fúnra rẹ̀, IOS á kọ́kọ́ sọ fún un pé ètò ti yí padà, á sì bi í bóyá kí òun fi pamọ́. Iná mànàmáná kì í bi ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, níbi tí iná kì í ti lọ ni ewu náà ti jinlẹ̀ jù. Súwíìṣì lè wà lójúfò níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsùn. Ẹni tó ṣe àtúnṣe rẹ̀ ti gba iṣẹ́ síbòmíràn, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ náà ti lọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ mọ́ pé ètò tó ń gbé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ró kò sí ní àkọsílẹ̀ níbì kankan láyé àfi nínú RAM kan ṣoṣo. Àṣìṣe tí iná Ìbàdàn á tú síta láàárín ọ̀sẹ̀ kan lè sá pamọ́ fún ọdún mẹ́rin ní ilé ńlá tí kì í ṣókùnkùn, títí dọjọ́ tí oníṣẹ́ iná bá wá pàrọ̀ wáyà. IOS ní àṣẹ kan tó ń fi fáìlì méjèèjì wéra, show archive config differences, tó sì ń fi àmì ìròpọ̀ àti ìyọkúrò síwájú gbogbo ìlà tó yàtọ̀. Ó yẹ kí ẹni tó ń ṣọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì máa tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe ń wọn ìfúnpá, láìdúró de àìsàn.

Kí ló dé tí wọ́n fi pín in sí méjì? RAM yára, àmọ́ ó ń gbàgbé. Fláàṣì ń rántí, àmọ́ ó lọ́ra láti kọ nǹkan sí. Fujio Masuoka, ọmọ ilẹ̀ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Toshiba, ló ṣàlàyé irú mẹ́mórì yìí fún àwọn onímọ̀ ní ìpàdé kan ní San Francisco lọ́dún 1984. Kì í gbàgbé bí iná bá lọ. Ṣùgbọ́n a kò lè pa báìtì kan ṣoṣo rẹ́ nínú rẹ̀, odindi búlọ́ọ̀kù ni a gbọ́dọ̀ pa rẹ́ pọ̀, pípa rẹ́ náà sì ń jẹ ẹ́ lára díẹ̀díẹ̀. Lára àwọn ẹ̀rọ Cisco àtijọ́ kan, àbùdá yìí hàn sójú táyé. Bí èèyàn bá fi àṣẹ delete pa fáìlì rẹ́, fáìlì náà kò lọ: wọ́n á kàn sàmì sí i pé ó ti di pípa rẹ́, á sì máa gba àyè rẹ̀ nìṣó, àṣẹ undelete sì lè dá a padà. Ìgbà tí wọ́n bá tẹ squeeze ni àyè tó ṣí ní tòótọ́. Ẹni tí kò mọ èyí á máa pa fáìlì rẹ́, á máa wo àyè tí kò pọ̀ sí i, ọkàn rẹ̀ á sì dàrú.

Àlàfo tí à ń wí yìí ní ojúure pẹ̀lú. Ká ní ẹnjiníà wà ní Èkó, súwíìṣì tó fẹ́ tún ṣe wà ní Àkúrẹ́. Bó bá ṣi àṣẹ kan tẹ̀, ó lè ti ara rẹ̀ mọ́ta, kó sì di dandan kó wọ mọ́tò lọ bá a. Nítorí náà, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, á tẹ reload in 10: ó ti pàṣẹ fún súwíìṣì pé kó kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó sì jí. Bí àtúnṣe bá yọrí sí rere, á tẹ reload cancel, á sì fi ètò pamọ́. Bó bá ṣì í, kò ní ohun tí yóò ṣe ju kó jókòó. Súwíìṣì á kú, á jí, á ka startup-config tí kò mọ̀ pé àṣìṣe kankan ṣẹlẹ̀, ọ̀nà á sì ṣí padà. Àìfi-pamọ́ tó fa ìjàǹbá ní Ìbàdàn ló gba ẹnjiníà Èkó lọ́wọ́ ìrìn àjò.

Àwọn tó ṣe Junos, sọ́fíwíà tí ilé iṣẹ́ Juniper ń fi sínú súwíìṣì tirẹ̀, gbé tiwọn gba ibòmíràn. Lọ́dọ̀ wọn, àtúnṣe kì í ṣiṣẹ́ títí ẹnjiníà á fi tẹ commit; lọ́jọ́ tó bá sì tẹ̀ ẹ́, ó ti wọ àká. Ẹ̀dà mọ́kàndínláàádọ́ta tó ṣáájú ṣì wà níbẹ̀, tí èèyàn lè fi rollback padà sí. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, á tẹ commit confirmed. Bí kò bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀rọ náà á padà sí ètò àná fúnra rẹ̀, láìkú. Lójú òǹkọ̀wé yìí, ìyẹn ló dáa jù, nítorí kò fi ohun tó ṣe pàtàkì tó báyìí lé ìrántí ènìyàn tí ebi ń pa, tó fẹ́ tètè délé. Cisco náà ti ń sún mọ́ ọn: lára Catalyst 9000, bí wọ́n bá gbé sọ́fíwíà tuntun wọlé ní ọ̀nà install, tí wọn ò sì tẹ install commit láàárín wákàtí méjì, súwíìṣì á padà sí ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀ràn mìíràn wà tó burú ju ètò tó sọnù lọ. Ká ní ẹnìkan fẹ́ pa vlan.dat nìkan rẹ́, ó kánjú, ó tẹ format flash:, ó sì gbà nígbà tí ẹ̀rọ bi í bóyá ó dá a lójú. Gbogbo fáìlì ti lọ, IOS pàápàá ti lọ. Súwíìṣì kò mira. Owó ń wọlé, fóònù ń dún, iná wẹ́wẹ́ ń ṣẹ́jú bíi ti àná. Ìdí ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n tàn án, ó ti tú IOS sínú RAM, kò sì padà sídìí fáìlì náà mọ́. Orúkọ fáìlì náà fúnra rẹ̀ ń sọ ọ́: nínú c2960-lanbasek9-mz, m ń sọ pé inú RAM ló ti ń ṣiṣẹ́, z ń sọ pé wọ́n dì í pọ̀. Ẹni tó bá tètè fura lè gbé IOS mìíràn wá láti ọ̀dọ̀ sáfà, kó fi sínú àká, kó fi ètò pamọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí nǹkan sì dọ́gba. Ẹni tí kò bá fura, iná ni yóò sọ fún un.

Bí iná bá lọ tó sì dé, súwíìṣì á wá fáìlì tì, á wá dúró síbi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: switch:. Boot loader ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ètò kékeré tí wọn kò fi pamọ́ sáàárín fáìlì yòókù. Lára ọ̀pọ̀ irú súwíìṣì yìí, boot loader kò mọ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì; wáyà console nìkan ló ń gbọ́. Wọ́n á tẹ flash_init kí àká lè ṣí, lẹ́yìn náà ló kan XMODEM, ọ̀nà ìfi-fáìlì-ránṣẹ́ tí Ward Christensen kọ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1977, tó ń gbé báìtì 128 lẹ́ẹ̀kan. Console máa ń sọ̀rọ̀ ní ìwọ̀n 9600, ìyẹn nǹkan bíi báìtì 960 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fáìlì tó tó mẹ́gábáìtì mẹ́wàá á gbà tó wákàtí mẹ́ta, iná ò sì gbọdọ̀ lọ láàárín wákàtí mẹ́ta náà. Ẹni tó bá mọ àṣẹ set BAUD 115200 lè mú un wá sí nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó yẹ kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe èyí fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó tó di pé ilé ìwòsàn kan ń dúró dè é.

Ohun tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé bẹ́ẹ̀ ni ìṣọ́ra díẹ̀. Kí wọ́n tó gbé IOS tuntun wọ àká mẹ́gábáìtì 32, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá àyè gba ti àtijọ́ àti tuntun pa pọ̀. Àṣẹ archive download-sw ní ọ̀nà méjì: /leave-old-sw ń dá ti àtijọ́ sí, /overwrite ń pa á rẹ́. Ẹni tó bá lo èkejì ní àdúgbò tí iná kò dúró gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń fi wewu. Lẹ́yìn tí fáìlì bá wọlé, verify /md5 á ka gbogbo rẹ̀, á sì fún wọn ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 32 tí wọ́n á fi wé ti ojú ìwé Cisco. Ronald Rivest ló ṣe MD5 lọ́dún 1991. Bí báìtì kan ṣoṣo bá yí nínú fáìlì, èsì rẹ̀ á yàtọ̀ pátápátá. Ó tó fún fáìlì tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Kò tó fún ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ ṣe ayédèrú, nítorí láti 2004 ni àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé fáìlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè ní èsì kan náà. Ìdí nìyẹn tí Cisco fi ń tẹ SHA-512 jáde pẹ̀lú rẹ̀ báyìí.

Ní ti Junos, àká gan-an ló ń bẹ̀rù iná. FreeBSD ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lára súwíìṣì bí EX2200, gbogbo ìgbà ló sì ń kọ nǹkan sílẹ̀. Bí iná bá já lu ìkọ̀wé, ìwé inú àká lè dàrú, tí ẹ̀rọ kò sì ní lè jí. Ìwé ìtọ́ni Juniper ní kí wọ́n tẹ request system halt kí wọ́n tó yọ iná. Ta ni yóò tẹ̀ ẹ́ nígbà tí iná bá lọ láago méjì òru? Láti ẹ̀dà 10.4R3 ni wọ́n ti fi Junos sí ojú ibi méjì nínú àká àwọn EX. Bí ìkíní bá bàjẹ́, ẹ̀rọ á jí láti inú ìkejì, á sì kọ ìkìlọ̀ gàdàgbà síwájú ẹni tó bá wọlé pé ẹ̀dà àfipamọ́ lòun ń lò. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju àṣẹ kan lọ, request system snapshot slice alternate, tó ń da ẹ̀dà tó ṣì dáa kọ sórí èyí tó bàjẹ́. Ẹni tó rí ìkìlọ̀ náà tó sì fojú fò ó nítorí pé íntánẹ́ẹ̀tì ṣì ń ṣiṣẹ́ ti ná ẹ̀dà tó kù.

Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Omi tó yẹ kí oníṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì dà síwájú ni ẹ̀dà fáìlì ètò tí kò sí nínú súwíìṣì náà. TFTP ni ọ̀nà tó pẹ́ jù tí wọ́n ń gbà gbé e jáde. Karen Sollins ti MIT ló kọ ìwé òfin rẹ̀ jáde lọ́dún 1981. Báìtì 512 ló ń gbé lẹ́ẹ̀kan, kì í béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, kì í sì bo ohun tó gbé mọ́lẹ̀. Scp ń ṣe méjèèjì. Àṣẹ archive lè mú kí IOS fúnra rẹ̀ máa gbé ẹ̀dà jáde nígbàkígbà tí ẹnjiníà bá tẹ wr, àwọn sọ́fíwíà ọ̀fẹ́ bí RANCID àti Oxidized sì ń lọ bá súwíìṣì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ka ètò rẹ̀, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ń sọ ìlà tó yí padà láti àná.

Ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2018 fi hàn bí ẹ̀dà yẹn ti ṣe pàtàkì tó. Lọ́jọ́ náà, súwíìṣì Cisco púpọ̀ ní Iran àti Rọ́ṣíà dẹ́kun iṣẹ́. Àwọn tó kọlù wọ́n kò béèrè owó. Wọ́n ba startup-config jẹ́, wọ́n fi àsíá Amẹ́ríkà tí wọ́n fi lẹ́tà yà síbẹ̀ pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kí wọ́n má da ìdìbò àwọn rú, wọ́n sì mú kí ẹ̀rọ kú kó tún jí. Nígbà tó jí, kò mọ ilé iṣẹ́ tí òun ń ṣiṣẹ́ fún. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Iran ní nǹkan bí 200,000 ẹ̀rọ ni wọ́n kọlù káàkiri ayé, 3,500 nínú wọn ní Iran.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ni Smart Install. Cisco ṣe é kí súwíìṣì tuntun lè gba IOS àti ètò rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn láìsí ẹnjiníà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pọ́ọ̀tù 4786 ló ń tẹ́tí sí, kì í sì béèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá kàn án lára láti íntánẹ́ẹ̀tì lè ní kó gbé config.text rẹ̀ wá, tàbí kó gba òmíràn. Cisco ti kéde àléébù kan nínú rẹ̀, CVE-2018-0171, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta, ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú. Talos, ẹ̀ka ààbò rẹ̀, sì ti sọ pé òun rí ẹ̀rọ tó lé ní 168,000 tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àṣẹ ọ̀rọ̀ méjì ló ń tì í: no vstack. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Fún àwọn tí ogun ká mọ́lé, súwíìṣì kò jóná, IOS sì wà níbẹ̀. Ibi tí ẹni tó ní ẹ̀dà ètò ti ń dá a padà sínú àká, ẹni tí kò ní in ń tọ wáyà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn láti mọ ibi tó lọ.

Ìtàn náà kò tíì parí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, FBI kìlọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FSB ti Rọ́ṣíà ń gba ojú àléébù 2018 yìí kan náà wọlé, wọ́n sì ti kó fáìlì ètò ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó jẹ́ ti àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà. Wọn kò pa fáìlì rẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n kà á. Ẹni tó bá ka config.text mọ bí ilé ṣe pín, ó mọ ibi tí sáfà wà, ó mọ ẹni tí súwíìṣì gbà gbọ́. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí Cisco kọ ní irú 7 tilẹ̀ wà níbẹ̀ bíi pé wọ́n bò ó, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní ogún ọdún tí ètò kékeré tó ń tú u ti wà lọ́wọ́ gbogbo ayé. Sáfà tí ẹ̀dà gbogbo súwíìṣì kó jọ sí yẹ kó ní ìṣọ́ tó ju ti súwíìṣì fúnra wọn lọ, àmọ́ kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí kò sẹ́ni tó bìkítà fún ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò fún un.

Vlan.dat náà ní tirẹ̀, ó sì ti jẹ́ ẹkún fún ọ̀pọ̀. Inú rẹ̀ ni orúkọ àti nọ́ńbà àwọn VLAN, ìyẹn àwọn ẹ̀ka tí wọ́n pín nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan sí, sábà máa ń wà, kì í ṣe inú startup-config. Ẹnjiníà tó tẹ write erase kò tíì fọwọ́ kan vlan.dat rárá. VTP ni àwọn súwíìṣì fi ń sọ VLAN tí wọ́n ní fún ara wọn. Bí súwíìṣì tí wọ́n fi ń dánra wò bá ń lo VTP ẹ̀dà 1 tàbí 2, tí orúkọ VTP rẹ̀ àti ti ilé iṣẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, tí nọ́ńbà àtúnṣe rẹ̀ sì ga ju tiwọn lọ, ọjọ́ tí wọ́n bá so ó mọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni gbogbo súwíìṣì yòókù á gbà pé òun ló mọ òótọ́. Wọ́n á pa VLAN tiwọn rẹ́, wọ́n á mú tirẹ̀. Odindi ilé lè dákẹ́ nítorí fáìlì kékeré tí kò sẹ́ni tó rántí pé ó wà.

Ní Computer Village, ọjà kọ̀ǹpútà tó wà ní Ìkẹjà, ọ̀pọ̀ súwíìṣì tí ọ́fíìsì àti ilé ẹ̀kọ́ ń rà jẹ́ tòkunbọ̀. Lọ́dún 2023, ilé iṣẹ́ ààbò ESET sọ ohun tí òun rí nínú rúótà àlòkù 18 tí òun rà: mẹ́sàn-án nínú wọn ló ṣì gbé gbogbo ètò ẹni tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ dání, pẹ̀lú ohun tí èèyàn lè fi mọ ilé iṣẹ́ náà gan-an. Ti súwíìṣì kò yàtọ̀. Ẹni tó ra Catalyst àlòkù á di bọ́tìnì Mode mú nígbà tó bá ń tàn án, á tẹ flash_init, á yí orúkọ config.text padà sí config.old, á sì jẹ́ kó jí láìbéèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Ọ̀nà tí Cisco fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ fún ẹni tó gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà nìyẹn. Lẹ́yìn náà, more flash:config.old á ka gbogbo rẹ̀ sí i létí: orúkọ ọ́fíìsì, àdírẹ́sì sáfà, ọ̀rọ̀ aṣínà irú 7 tí ilé iṣẹ́ náà lè máa lò títí dòní lára súwíìṣì tó rọ́pò rẹ̀. Àwọn Catalyst 9000 ní factory-reset all fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ti àtijọ́, ọwọ́ ni wọ́n á fi ṣe é: write erase, delete flash:vlan.dat, lẹ́yìn náà dir flash:, kí wọ́n wo àká fínnífínní fún config.old, fún backup.txt, fún gbogbo ẹ̀dà tí àwọn ẹnjiníà ti fi orúkọ mìíràn pamọ́ síbẹ̀ láti ọdún pípẹ́, nítorí write erase kì í fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn.